Bíréèkì Tó Wà Láàárín

Ní gbogbo òwúrọ̀ ọdún yẹn, ẹsẹ̀ bàbá mi ló ń jí mi. Yèyé Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti gbá àgbàlá dé ìdajì, ìyá mi á ti máa fẹ́ iná nídìí ààrò, àbúrò mi ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún kan á ti máa ké fún ọmú, síbẹ̀ gbogbo ariwo yẹn kò lè gbé mi dìde lórí ẹní. Ìgbà tí mo bá gbọ́ gbì nílẹ̀, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí n tún gbọ́ gbì, nígbà náà ni ojú mi á là. Mo mọ̀ pé bàbá mi ti jókòó sórí àpótí ìdáná lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ó ti to àwọn nǹkan rẹ̀ síwájú ẹsẹ̀, ó sì ń retí mi kí n wá bá a ṣe é. Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílé-ìwé, mi ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Èdè Ọ̀wọ̀ la ń sọ nílé wa, Yèyé Àgbà kò tilẹ̀ gbọ́ òmíràn. Mo ti tún ọ̀rọ̀ wọn sọ ní Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́, àfi ọ̀kan tàbí méjì, bí ọma tí à ń pe ọmọ, tó kọ̀ tí kò jẹ́ kí n tún òun ṣe.

Jósẹ́ẹ̀fù ni wọ́n ń pe bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ṣùgbọ́n Jósẹ́ẹ̀fù Onílọ́rì ni gbogbo ìgboro mọ̀ ọ́n sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lọ́rì kankan, kò ní táyà lásán pàápàá. Bàbá Àrìgìdì ló ni lọ́rì. Oníṣòwò kòkó ni, ó wá láti Àrìgìdì ní Àkókó, ó ti pẹ́ ní Ọ̀wọ̀ débi pé a ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Lọ́rì rẹ̀ àkọ́kọ́, Arúgbó la ń pè é. Inú Arúgbó yẹn ni bàbá mi ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n, òun náà ló sì ń wà títí irun orí rẹ̀ fi ń funfun. Bí wọ́n ṣe to nǹkan sínú Arúgbó nìyí, kí ẹ má bàa ṣìnà nínú ìtàn mi: lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà, kílọ́ọ̀ṣì wà lápá òsì, tọ́tù tó ń fún ọkọ̀ ní eré wà láàárín, bíréèkì tó ń dá ọkọ̀ dúró wà ní ìkángun lápá ọ̀tún. Ní ti gíà, bí o bá fẹ́ ti ìkíní, o máa fà á mọ́ra sẹ́yìn. Bàbá mi gbà pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ kí ọkọ̀ rí nìyẹn. Ó máa ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ pé, "Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ṣe àmì àgbélébùú. Ohun tó máa gba ẹ̀mí mi là lójú ọ̀nà, ìkángun ọ̀tún ló yẹ kó wà. Ta ló máa ń fi ohun tó ń gba ẹ̀mí là sí àárín?" Ìyá mi á ní kó jẹun.

Àwọn dírẹ́bà tó kù ní gáréèjì kò gbà fún un. Ìgbà kan tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀, wọ́n ń jiyàn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ọ̀kan ní ẹni tó bá fi tọ́tù sí àárín fẹ́ pa ènìyàn ni. Òmíràn ní gíà tí wọ́n ń tì síwájú ló bá ara mu, torí iwájú là ń lọ. Bàbá mi dìde, ó nu ọwọ́, ó ní gbogbo wọn ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè lọ́rùn ẹsẹ̀, ó wọ inú Arúgbó lọ jókòó. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni, bí ìgbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí irú iṣu tó ń dá iyán rere.

Nígbà tí kòkó ọdún yẹn wọlé dáadáa, Bàbá Àrìgìdì ra lọ́rì tuntun. Aláwọ̀ ewé ni, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára pákó rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló jáde wò ó. Bàbá mi gun orí rẹ̀, ó jókòó, ó wo ìsàlẹ̀, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Bíréèkì ló wà láàárín. Tọ́tù ló wà ní ìkángun ọ̀tún. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ gíà ìkíní sí, rìfáàsì tó ń gbé ọkọ̀ padà sẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Síwájú ni wọ́n ń ti ìkíní sí. Ó wà á yí àgbàlá Bàbá Àrìgìdì ká lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì dára. Lẹ́ẹ̀kẹta, adìyẹ kan sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá. Lọ́rì tó yẹ kó dúró bẹ́ síwájú, ó sì wó ògiri ilé ìwẹ̀ tó wà ní ẹ̀yìn àgbàlá náà. Ọlọ́run ṣe é, kò sẹ́ni tó ń wẹ̀. Bàbá Àrìgìdì kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ògiri náà ti gbó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ó pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì wà nítòsí tí mo gbọ́: òun fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá mọ ọkọ̀ yìí títí di ìgbà náà, dírẹ́bà kan wà ní Àkúrẹ́ tó ti ń bẹ òun. Arúgbó ní tirẹ̀, òun máa tà á fún àwọn tó ń ra irin.

Bàbá mi kò ní iṣẹ́ mìíràn. Kò mọ oko. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, Arúgbó ló ń kọ́ ní tirẹ̀, wọ́n sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ yẹn pé kò mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí ti ẹ̀wà. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo mọ èyí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sí Jósẹ́ẹ̀fù Onílọ́rì mọ́, ó máa ku Jósẹ́ẹ̀fù nìkan.

Bí odó Yèyé Àgbà ṣe di ọkọ̀ nìyẹn. Bàbá mi gbé odó sí apá òsì àpótí tó jókòó lé, ó ki ọmọ odó bọ̀ ọ́, ìyẹn di gíà: síwájú, ìkíní, sẹ́yìn tààrà, ìkejì, mọ́ra sẹ́yìn, rìfáàsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì ni sitíárìn. Ó da èèpo àgbọn dé sílẹ̀ fún kílọ́ọ̀ṣì, ó gbé ọmọ ọlọ sí àárín fún bíréèkì, ó sì fi sálúbàtà rẹ̀ kan tó ti ya sí ìkángun ọ̀tún fún tọ́tù. Àwọn aládùúgbò máa ń dúró wò ó láti ojú ọ̀nà. Wọ́n á ní, "Jósẹ́ẹ̀fù, ṣé o ti dé Ìbíní?" Yèyé Àgbà kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí iṣu ti jinná, á dúró tì í tòun ti àwo iṣu, á ní, "Sọ̀ kalẹ̀ nínú odó mi, ọma yìí. Ebi ń pa èrò ọkọ̀ rẹ." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín, á yọ ọmọ odó, á gbé e fún un. Lẹ́yìn tí a bá jẹ iyán tán, wọ́n á fọ odó, á tún padà di ọkọ̀.

Èmi ni ọ̀nà. Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn: "Ìwọ ni ọ̀nà, máa pè é." Màá dúró níwájú rẹ̀, màá máa sọ ohun tó ń bọ̀. Bí mo bá ní "Òkè!" á tẹ èèpo àgbọn, á yí ọmọ odó. Bí mo bá ní "Pẹ̀tẹ́lẹ̀!" á tẹ sálúbàtà. Bí mo bá ní "Ewúrẹ́!" tàbí "Ènìyàn!" tàbí "Afárá!" ọmọ ọlọ ni kí ó tẹ̀, ọmọ ọlọ tó wà láàárín. Mo ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ka iye ìgbà tó bá ṣì í. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òkúta náà kún ọwọ́ mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ku márùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ọ̀kan, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé mi sókè. Mo fẹ́ràn bàbá mi gidigidi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sí ọmọ mìíràn ní kíláàsì wa tó ń kọ́ bàbá rẹ̀ ní nǹkan.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀rù wọ inú mi, kò sì jáde mọ́. Mo ń pe ọ̀nà fún un bí mo ṣe máa ń pè é, àbúrò mi sì rá dé ìdí ààrò láìsí ẹni tó rí i, ó na ọwọ́ sí ìkòkò ògì tó ń hó. Mo kígbe. Mi ò pe ewúrẹ́, mi ò pe ènìyàn, mo kàn ké ni, ìyá mi sì fò wá gbá ọmọ náà mú. Kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú mi wà lára bàbá mi nígbà tí mo kígbe. Kí ó tó dìde, kí ó tó yí orí pàápàá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti lọ sí ìkángun, ó ti tẹ sálúbàtà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Bí mo bá pe ewúrẹ́ bí ẹni ń ka ìwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ sórí ọmọ ọlọ. Bí mo bá dákẹ́ pẹ́, tí mo wá fi igbe pè é lójijì, sálúbàtà ni. Lójoojúmọ́, sálúbàtà ni. Nígbà tí mo fẹ́ fi òkúta ka ìyẹn, ó di ọwọ́ mi mú. "Èyí ò sí nínú ìṣirò. O dẹ́rù bà mí ni." Mo ní, "Bàbá, ṣé ewúrẹ́ kì í dẹ́rù bani?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n máa múra iléèwé. Mo sì gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, mi ò fi wọ́n sínú ìṣirò mọ́. Iye tí a ń sọ fún Yèyé Àgbà lójoojúmọ́, tí òun náà ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí i, iye tí kò ní ìbẹ̀rù nínú ni.

Mo ti wa ọkọ̀ fúnra mi fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Mo wà lójú ọ̀nà nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa kúrò lápá òsì wá sí apá ọ̀tún, mo sì rí àwọn àgbà dírẹ́bà tí wọ́n ń yí sitíárìn padà sí òsì ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó máa mọ́ wa lára. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Mo ti mọ̀ láti kékeré pé ẹnì kan lè mọ nǹkan tuntun tán pátá, kí ó mọ̀ ọ́n lórí, kí ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu, kí ẹ̀rù wá bà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì padà sí ti àtijọ́. Ẹni tó bá ní mo ń ṣe ojo kò jókòó síwájú odó yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta pé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá Àrìgìdì wá, ó jókòó sórí àga tí ìyá mi nù fún un, ó mu omi. Ó bi bàbá mi pé báwo ni, bàbá mi ní, "Ó ti wọ̀ mí lẹ́sẹ̀, ọ̀gá." Bàbá Àrìgìdì wá yí sí mi, ó ń ṣàwàdà. "Ìwọ tíṣà rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọmọ iléèwé rẹ yege?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wò mí, mi ò sì tíì rí i kí ó wo ẹnikẹ́ni báyẹn rí. Ó ń bẹ̀ mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó yege, sà." Bàbá Àrìgìdì pàtẹ́wọ́. Ó ní kí ó gbé ọkọ̀ lọ sí Ìfọ́n lọ́jọ́ kejì, kí ó kó kòkó bọ̀.

Ìyá mi, ọmọ Ìfọ́n ni. Ìyá tó bí i kò tíì rí àbúrò mi rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bí bàbá mi ṣe gbọ́ Ìfọ́n, ó ní kí ìyá mi gbé ọmọ náà kí wọ́n jọ lọ, kí ó jókòó sí iwájú pẹ̀lú òun bí ìyàwó olówó. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò tíì pé wákàtí kan. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo lọ da àwọn òkúta ìṣirò mi nù.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ìyá mi wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó fi òróró pa ara ọmọ, ó di ẹ̀kọ àti àkàrà sínú abọ́. Mo ń tẹ̀lé e káàkiri. Nígbà tí ó fẹ́ gun ọkọ̀, mo di etí ìró rẹ̀ mú. Ó ní, "Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ bá wa lọ ni?" Bàbá mi ti wà nídìí sitíárìn, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí gíà. Mo wo ẹnu ìyá mi, mo wo kókósẹ̀ àbúrò mi tó ń dán pẹ̀lú òróró. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Kò sí nǹkan, mà." Ó ní òun máa mú àgbàdo bọ̀ fún mi. Bàbá mi ti gíà síwájú, jẹ́ẹ́jẹ́, bó ti yẹ, wọ́n sì lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe lo ọjọ́ yẹn. Yèyé Àgbà gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀ pé kí a jọ bó o, mo ń bó o, mo ń da èèpo pọ̀ mọ́ ẹ̀gúsí, ó ń gbá mi lọ́wọ́. Gbogbo lọ́rì tó bá kọjá ni mo ń gbọ́. Mo ti mọ ohùn ti aláwọ̀ ewé yẹn, ó ń súfèé díẹ̀ bó bá ń gun òkè, kò sì sí èyí tó ń súfèé nínú gbogbo àwọn tó kọjá. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bí wọ́n bá padà dé, màá sọ òótọ́ fún gbogbo ayé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo tún sọ fún un pé bí wọ́n bá padà dé, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ, torí a jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàbá mi ti mọ ọkọ̀ náà nìyẹn. Nígbà tó yá, mo bi Yèyé Àgbà pé bí ọmọdé bá parọ́, tí ènìyàn sì kú, ta ni Ọlọ́run máa bi léèrè. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní, "Nígbà náà, bó ẹ̀gúsí." Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí ọ̀nà.

Wọ́n ti ní wọ́n máa dé kí oòrùn tó yẹ̀ kúrò lórí. Oòrùn yẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ padà wálé. A ti gbé iṣu kaná nígbà tí mo gbọ́ ìsúfèé yẹn lórí òkè, mo sáré jáde, mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dìde. Bàbá mi ló ń wà á. Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Mo ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé kókó kan ti wú sí iwájú orí àbúrò mi, tó tó ẹyin ẹyẹlé, àti pé gèlè ìyá mi kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni, ó lọ síbi ìkòkò omi, ó ń bọ́jú, ó ń bọ́jú, bí ẹni pé eruku yẹn kò fẹ́ tán.

Ìyá mi wọ ilé ìdáná lọ bá Yèyé Àgbà, mo sì dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí tí wọ́n fi ń wọ Ìfọ́n. Obìnrin kan pàtẹ iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì sáré gba ojú ọ̀nà kọjá torí ọsàn kan tó yí lọ. "Mo kígbe, Yèyé. Mo pe Jésù. Ọkọ̀ tó yẹ kó dúró, ó bẹ́." Ọmọ náà ti kọjá tán kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ibi ìpàtẹ ni ọkọ̀ yà sí, ó gun orí gbogbo iṣu yẹn, ó fọ́ wọn wómúwómú. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àpótí rẹ̀ láti pe ọmọ rẹ̀ ni. Táyà wó àpótí náà. Yèyé Àgbà ń sọ pé "Yéè, yéè," pẹ̀lú ohùn kékeré. Ìyá mi ní, "Ó sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé bíréèkì ló kọ̀. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n èmi jókòó tì í. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀."

Bàbá mi pè mí pé kí n mú aṣọ ìnujú wá. Mo mú un lọ. Ó nu ojú, ó nu ọrùn, ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kí àwọn tó wà nínú ilé má bàa gbọ́. Ó ní, "Ṣé o mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín."

Ó ká aṣọ náà sí méjì, ó tún ká a. "Èmi náà mọ̀," ni ó wí. Omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Mo ti ń bẹ̀rù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ pé òun náà mọ̀, ó sì gbé ìyá mi àti àbúrò mi lọ, ẹ̀rù tó bà mí kúrò ní ti ọkọ̀. Ó wá di ti bàbá mi.

A wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí Bàbá Àrìgìdì wọlé dé. Ó ti wo ọkọ̀ níta, kò sí àpá kankan lára rẹ̀, kòkó pé, inú rẹ̀ dùn. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un nípa iṣu. Ó ní òun ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé kò sí dírẹ́bà bíi Jósẹ́ẹ̀fù. Ó ní bàbá ìjọ ti bẹ òun fún ọkọ̀ náà fún ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn, láti kó àwọn ọmọ ìjọ lọ síbi ìkórè ní Ìfọ́n. Wọ́n máa tó ogójì. Ó ní, "Bí kòkó ni kí o ṣe kó wọn o, má jẹ́ kí ọ̀kan já bọ́." Mo mọ gbogbo ogójì yẹn. Mo mọ ẹni tó máa fẹ́ dúró sí ẹ̀yìn pátá, mo mọ àwọn tó máa máa kọrin. Mo wo bàbá mi. Mo rò pé ó máa sọ ọ́. Gbogbo ara mi ń retí pé kí ó sọ ọ́ kí n lè máa fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ó pọ́n ètè lá, ó ní, "Kò sí wàhálà, ọ̀gá."

Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà nílé wa. Ẹni tó bá ṣe é, Yèyé Àgbà á kọ́kọ́ fi ojú bá a wí, lẹ́yìn náà á fi ọwọ́. Mi ò tiẹ̀ kúnlẹ̀. Mo ní, "Kò yege, sà. Irọ́ ni mo pa fún yín. Bí ẹ̀rù bá bà á, tọ́tù ló ń tẹ̀."

Yèyé Àgbà ní, "Ọma yìí!" Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ ní èjìká, ó ń wo ilẹ̀. Bàbá Àrìgìdì wò mí, ó wo bàbá mi, ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ń dúró de ìgbátí. Ó tọ́ sí mi. Bàbá mi kò nawọ́ sí mi. Ó dúró pẹ́ débi pé iṣu tó wà lórí iná bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, a ń gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lọ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó nà án sí èmi. "Gbé e fún Bàbá." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún Bàbá Àrìgìdì. Ó gbóná, torí inú àpò tó wà. Bàbá Àrìgìdì gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ní, "Jósẹ́ẹ̀fù, o ṣé o," ó sì jáde lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó fi lọ́rì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa títí tí dírẹ́bà Àkúrẹ́ fi wá gbé e. Bàbá mi kò wa ọkọ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Ìyá mi gé ibi tó jóná kúrò lára iṣu, Yèyé Àgbà gún ìyókù. Wọ́n gbé oúnjẹ bàbá mi síwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, iyán àti ọbẹ̀ tó ní ẹran kan ṣoṣo, ẹran tí ó jẹ́ ti bàbá, tí ọmọdé kì í fojú sí. Ó ṣan ọwọ́. Ó pè mí kí n wá jókòó. Mo jókòó sí ibi tó jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n sún mọ́ ọn. Ó mú ẹran náà kúrò nínú ọbẹ̀, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, "Jẹ ẹ́." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú lójú. Mi ò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ló ń dá, tàbí ó ń fi hàn mí pé òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ẹran sílẹ̀ fún mọ́. Títí ó fi kú, mi ò lè bi í. Mo jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.